Ìgbà Tí Bàbá Gbé Ẹsẹ̀ Sókè

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn náà tó máa ń gbálẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ bú ìyá rẹ̀. Ata Wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó kéré, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi bàtà tẹ etí ọgbà rẹ̀ kò ní pẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Dókítà àgbà pàápàá máa ń yí gba ẹ̀yìn ilé bí òjò bá ti rọ̀, kó má baà tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ìbínú ló fi ń mí. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n inú kì í ṣàdédé bí èèyàn, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìtàn yìí tán kó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí obìnrin náà. Ẹnì kan ló mú un bínú, ẹni náà sì mọ ara rẹ̀.

Lábẹ́ fèrèsé wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń dé tí òjìji ilé sì ń bo ilẹ̀ lọ́sàn-án, igi òdòdó méjìlá wà lórí ìlà kan. Haidiréńjà ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Àwọn aláìsàn kò ráyè ìyẹn, Olórí-ńlá ni wọ́n ń pè é, torí pé òdòdó kan ṣoṣo á tóbi tó orí ọmọ ọdún kan. Bàbá Ata Wẹ́wẹ́ ló gbìn ín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi tọ́jú ọgbà yẹn, kò sì sí ọdún tí Olórí-ńlá kì í tanná. Àwọ̀ rẹ̀ búlúù bí aṣọ aró, igi rẹ̀ le gbagidi, òjò á rọ̀ títí, kò ní tẹ orí rẹ̀ ba. Àwọn tó ní irú rẹ̀ nílé máa ń wá bi bàbá náà pé kí ló ń ṣe sí i. Tiwọn á ga, á sì dojú bolẹ̀, tàbí kó kún fún ewé láìní òdòdó kan. Bàbá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ọwọ́ ni." Á gbé bárò rẹ̀, ó di ọ̀nà.

Ọmọ méjì ló bí, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ọkùnrin ló fà lọ́wọ́ wọ inú ọgbà. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé igi mú, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ìka wádìí bóyá ilẹ̀ ṣì tutù nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà kàn ń yán ni. Obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ló ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú agolo omi.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ gé níbẹ̀?"

"Lọ bá ìyá ẹ fọ abọ́. Iṣẹ́ ọkùnrin lèyí."

Kò lọ fọ abọ́. Ó gba ẹ̀yìn ọgbà lọ, ó wá ibi tí pákó ògiri ti là, ó fi ojú kan síbẹ̀. Ìparí àsìkò òtútù ni. Ó rí bàbá rẹ̀ tó gé àwọn róòsì mọ́ ìwọ̀n orúnkún, gbogbo rẹ̀ pátá. Lẹ́yìn náà bàbá ṣí lọ sídìí Olórí-ńlá. Láti ibi tó wà, ẹ̀yìn bàbá nìkan ló rí. Kò rí ọwọ́ rẹ̀. Ó kàn ń gbọ́ àlùmọ́gàjí tó ń dún kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́, ó sì rí apẹ̀rẹ̀ tó kún. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí wọ́n ṣe ṣe róòsì náà ni wọ́n ṣe ṣe èyí. Ó gbé ẹ̀kọ́ yẹn pa mọ́ bí ẹni tó jí wúrà. Ogún ọdún ó lé díẹ̀ ló fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ pé ayédèrú lòun jí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pẹ́ rárá nínú iṣẹ́ ọgbà. Ó di awakọ̀ tírélà, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tó yá, orúnkún bàbá kọ̀, ó fẹ̀yìn tì. Alábòójútó ilé ìwòsàn, ọkùnrin gíga kan tó máa ń gbé gíláàsì sórí tí á tún máa wá a kiri, ní òun fẹ́ gbé ọgbà náà fún agbaṣẹ́ṣe tó ń fi ẹ̀rọ gé koríko. Ata Wẹ́wẹ́ gbọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń nu ilẹ̀ wọ́ọ̀dù nígbà náà, tó ń wo Olórí-ńlá láti inú fèrèsé. Ó gbé garawa sílẹ̀ níbi tó wà, ó lọ kan ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì.

"Ẹ gbé e fún mi, sà. Ọmọ ẹni tó gbìn ín ni mí."

Alábòójútó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ kò sì jìnnà. Ó ní, "Kò burú. Àsìkò ìtànná kan ni mo fún ọ. Bí àwọn òdòdó yẹn bá yọ bí wọ́n ṣe máa ń yọ, iṣẹ́ ti di tìrẹ nìyẹn. Bí wọn ò bá yọ, màá pe àwọn ẹlẹ́rọ. Màá sì fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ ní wọ́ọ̀dù o."

Nítorí náà kò sí ibi tó lè padà sí mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa.

"Bàbá, wọ́n ti gbé ọgbà lé mi lọ́wọ́ o. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?"

Bàbá ṣí ojú ìwé ìròyìn rẹ̀ sí ìkejì. "Ṣebí o sọ fún wọn pé o lè ṣe é."

Ó rò pé bàbá ń ṣàwàdà. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó gbé àlùmọ́gàjí wọ inú ọgbà. Òfin kan kò sí tó sọ pé òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì kò gbọdọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, bàbá rẹ̀ sì máa ń wá síbẹ̀ ní gbogbo àárọ̀, ó ń bó ọsàn, ó ń ka ìwé ìròyìn. Bẹ́ǹṣì náà dojú kọ Olórí-ńlá gan-an. Ọjọ́ méjì ni Ata Wẹ́wẹ́ fi gé igi méjìlá mọ́ ìwọ̀n orúnkún. Igi náà ki tó àtàǹpàkò, ó le, ọwọ́ rẹ̀ bó. Bó bá gé ọ̀kan tán, á wo ọ̀dọ̀ bàbá. Bàbá á fi ọ̀bẹ yí ọsàn rẹ̀ po, èèpo á máa jáde gbọọrọ láìjá.

Igi tó gé fọ́n ká débi pé àwọn kan yí wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó mú ìgbálẹ̀ wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀."

Bàbá gbé ẹsẹ̀ sókè. Méjèèjì. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún náà, ó gbé wọn dúró lókè títí ọmọ rẹ̀ fi gbá gbogbo igi yẹn jáde tán. Ó wá sọ wọ́n kalẹ̀, ó ju ẹ̀là ọsàn kan sẹ́nu.

Ẹ rántí ẹsẹ̀ yẹn. Èmi ò lè gbàgbé ẹ.

Olórí-ńlá rú. Ewé ń yọ lórí ewé, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, inú Ata Wẹ́wẹ́ sì ń dùn, ó tún ń da ajílẹ̀ sí i kó lè yá. Oṣù ìtànná dé. Ewé ni. Ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ewé ni. Àwọn ẹ̀ka tuntun ga, wọ́n rọ̀, òjò kan ṣoṣo tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ bí ẹní. Kò sí orí kan níbẹ̀, ńlá tàbí kékeré. Àwọn aláìsàn á ṣí fèrèsé, wọ́n á tún pa á dé.

Ìyá àgbà kan wà nínú wọ́ọ̀dù náà tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ tì kiri, egungun ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní kí wọ́n ti òun jáde síta. Ó tẹ̀ síwájú lórí kẹ̀kẹ́, ó fi ọwọ́ ti ewé sápá kan, ó wo ibi tí àlùmọ́gàjí ti kọjá.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló gé òdòdó tí kò tíì yọ?"

"Màmá, mi ò gé òdòdó kankan. Igi ni mo gé."

"Inú igi yẹn ló wà. Láti ọdún tó kọjá ló ti wọ inú ojú igi lọ, ibi tí nǹkan ti ń rú jáde, tó sùn síbẹ̀. Ẹ̀ka tó bá yọ lọ́dún yìí, ó di àmọ́dún kó tó tanná. O wó ilé, o wá ń wá onílé." Ìyá àgbà náà mi orí. "Bàbá tó ń jẹ ọsàn níbí yẹn ńkọ́? Wọ́n ní òun ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Kò sọ fún ẹ ni?"

Ata Wẹ́wẹ́ tún rí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ méjèèjì lọ́kàn, bó ṣe dúró lókè, bàtà wọn, okùn bàtà ọ̀tún tó tú. Ó sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọ̀sán gangan, ó rin òpópó mẹ́ta dé ilé bàbá rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Yàrá bàbá mọ́ tónítóní. Ibùsùn kan, àga kan, rédíò kan. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ àtijọ́ wà lórí ìṣó lára ògiri, ó ti fi òróró pa á, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun.

"Bàbá, ẹ rí mi."

"Mo rí ẹ. Káàbọ̀."

"Mi ò kí yín. Mo ní ẹ rí mi! Odindi ọjọ́ méjì, ẹ rí mi tí mò ń gé Olórí-ńlá dànù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ fún mi kí n lè gbá a!"

Bàbá fọwọ́ pa rédíò. "O ò béèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

"Mo béèrè! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti béèrè, ẹ ní kí n lọ fọ abọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níbí yìí tí mo béèrè. Ẹ ń ka ìwé ìròyìn!"

"Má pariwo lé mi lórí. Èmi ni mo bí ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, òótọ́ ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà, Bàbá. Ẹ wà lọ́jà, ẹ ń jẹ ọsàn."

Bàbá dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Ó dà bí ẹni pé yóò lé e jáde. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ, bóyá kò fẹ́ sọ ọ́ rárá, ó kàn bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Bí o bá wọ ibẹ̀ tó tanná fún ẹ lọ́dún àkọ́kọ́, kí ni wọ́n á máa pe tèmi?"

Bàbá wo ilẹ̀. Ata Wẹ́wẹ́ wo àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi aṣọ wé. Ó yí padà, ó sì lọ. Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ohun tí bàbá náà ṣe gan-an nìyẹn, bí inú bá sì bí i sí mi nítorí pé mo sọ ọ́, kó bí i.

Ní ọ́fíìsì, alábòójútó ti gbé ìwé agbaṣẹ́ṣe sórí tábìlì. Ó ní, "Bàbá rẹ kò kọ́ ọ ni?"

Ibẹ̀ ni mo ti gba tirẹ̀. Inú ń bí i, síbẹ̀ ó ní, "Èmi ni mo di àlùmọ́gàjí mú, sà. Ẹ má pe bàbá mi sí i. Mo ti wá mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ fún mi ní àsìkò kan sí i." Ìyá àgbà orí kẹ̀kẹ́ ti ní kí àwọn nọ́ọ̀sì kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fi ọgbà sílẹ̀ fún un, òun ló sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Alábòójútó wá gíláàsì rẹ̀ títí, ó bá a lórí ara rẹ̀, ó ka lẹ́tà náà. Ó gbà. Ó ní èyí ni ìkẹyìn.

Ìbínú ló fi ṣe ọdún yẹn, mi ò ní purọ́ pé sùúrù ni. Kò fi irin kan igi kankan mọ́. Ó fi ajílẹ̀ sílẹ̀, torí ó ti rí i pé igi tó yó jù kì í lè dá dúró. Ó ń bomi sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀, kì í ṣe sórí, á sì bu omi náà títí á fi wọ ilẹ̀ lọ dénú. Ó kó ewé gbígbẹ jọ yí ìdí wọn ká, ó jẹ́ kó jìnnà sí igi díẹ̀ kó má baà rà. Ìyá àgbà ti lọ sílé nígbà náà. Ohun tó sọ nìkan ló wà, ìyókù, ọwọ́ ló fi wá a. Igi wọ̀nyẹn dúró, wọ́n ki, èèpo wọn yí padà di pupa rúsúrúsú. Kí ọdún tó parí, àwọn ojú igi tó kù nísàlẹ̀ ibi tó gé pẹ́ tanná, òdòdó wẹ́wẹ́ yọ sórí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka; nígbà tí wọ́n gbẹ, ó ká wọn dànù kíá. Ilé ìwòsàn ni, kò fẹ́ ìdọ̀tí.

Òtútù dé, ó lọ. Olórí-ńlá tanná. Búlúù ni, igi rẹ̀ le, òjò rọ̀ lù ú kò tẹ̀. Àwọn aláìsàn ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní téńté orí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, níbi tó ti ká òdòdó gbígbẹ, ojú tuntun ti dúdú, ó ti kú. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ló tanná, òkè dà bí orí tó ń pá. Ata Wẹ́wẹ́ wò ó títí. Ó rò pé kòkòrò ni, kò rí kòkòrò.

Alábòójútó wá, ó rìn ín já lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ sí ìwé. "Iṣẹ́ ti di tìrẹ. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò kún bí ti bàbá rẹ. Lọ́dún tó ń bọ̀, mo fẹ́ kó kún."

Bí ti bàbá rẹ. Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn sùn, ó gbé e jí. Lọ́jọ́ kejì, ó gba pátákó kan lọ́wọ́ káfíńtà ilé ìwòsàn, ó ra ọ̀dà funfun, ó kúnlẹ̀ sórí kóńkéré, ó kọ̀wé gàdàgbà gàdàgbà:

MÁ GÉ IGI RẸ̀. INÚ IGI ÀTIJỌ́ NI ÒDÒDÓ WÀ.
BOMI SÍ ÌDÍ, LÁÀÁRỌ̀. MÁ BU Ú SÓRÍ.
KÓ EWÉ GBÍGBẸ YÍ I KÁ.
AJÍLẸ̀ PÚPỌ̀ Ń MÚ UN ṢUBÚ.

Ó kàn án mọ́ ògiri, kò dojú rẹ̀ kọ ilé ìwòsàn, òpópó ló dojú rẹ̀ kọ. Àwọn tó ń kọjá dúró kà á. Àwọn kan fi fóònù ya á. Àwọn kan ní, "Ṣé gbogbo ohun tí bàbá yẹn ń pè ní ọwọ́ náà nìyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ata Wẹ́wẹ́ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ, ó sì dùn mọ́ ọn.

Ìròyìn dé etí bàbá kó tó di ọ̀sán. Ó dé, ọ̀pá lọ́wọ́. Ọdún kan rèé tí kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn mọ́. Ó dúró níwájú pátákó, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì.

"O tú àṣírí iṣẹ́ mi sójú títì."

"Mo tú u, Bàbá."

Bàbá tún un kà. Ó wo orí Olórí-ńlá, ó wo àwọn ojú tó dúdú ní téńté. Ẹ̀rín kékeré kan, ẹ̀rín àtijọ́ yẹn, wá sẹ́nu rẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan."

Ata Wẹ́wẹ́ mọ̀ pé òótọ́ ni. Oṣù méjì gbáko ló ti ń wá a. Ìbéèrè náà wá sẹ́nu rẹ̀ bí ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó gbé agolo omi. Ó gbé e mì. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó fa rọ́bà lọ sídìí igi àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bomi.

Bàbá ń dúró kó béèrè. Ata Wẹ́wẹ́ kúrò nídìí igi kìíní, ó dé ìkejì. Kò béèrè. Ó dé ìkẹta. Àwọn méjì tó ń kọjá ka pátákó tán, wọ́n bá tiwọn lọ, àwọn náà kò bi bàbá ní ohunkóhun. Ẹ̀rín yẹn tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọ̀pá ro ilẹ̀. Ó wá dà bí ẹni tó gbé ọjà jáde tí ẹnikẹ́ni kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nídìí igi kẹfà ni Ata Wẹ́wẹ́ ti gbọ́ ohùn bàbá, kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè.

"Òdòdó tó bá gbẹ, wọn kì í ká a kí òtútù tó lọ. Òun ló ń bo ojú tuntun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí òtútù bá lọ tán ni mo máa ń ká a. Òun ló ń kún apẹ̀rẹ̀ mi."

Ata Wẹ́wẹ́ pa omi. Apẹ̀rẹ̀. Òdòdó gbígbẹ ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn, láti ọjọ́ tó ti fi ojú kan wò ó nínú pákó tó là. Ó lọ mú agolo ọ̀dà wá, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí bàbá.

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra yín."

Bàbá wo búrọ́ọ̀ṣì náà. Ó gbà á. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátákó, ìlà rẹ̀ wọ́, ọ̀dà ń kán sórí bàtà rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ àtijọ́.

Ewé gbígbẹ ti kún abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ata Wẹ́wẹ́ mú ìgbálẹ̀, ó ń bọ̀. Bàbá rí i, ó yára gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bó ṣe ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ata Wẹ́wẹ́ kò gbá nǹkan kan. Ó dúró tì í, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ìbínú lójú.

"Ẹ dìde, Bàbá. Ẹsẹ̀ nìkan kò tó."

Bàbá fi ọwọ́ ti ọ̀pá rẹ̀, ó dìde.